Kí Ló Ń Pa Túùbù Ẹ̀rọ Tẹlifíṣọ̀n, Kí La Sì Lè Ṣe Kí Ẹ̀mí Rẹ̀ Gùn?

Ẹni tó bá ti fi àtùpà elépo kàwé rí mọ ọgbọ́n kan tí wọn kì í kọ́ni nílé ìwé. Bí òwú àtùpà bá ga jù, iná á mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kẹrosíìnì á tán kí ilẹ̀ tó mọ́, èéfín á sì dú gíláàsì. Bí òwú bá rẹlẹ̀ jù, ojú ò ní ríran. Ìyá tó ni àtùpà á wá máa yí i wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi kan ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó fún iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò fi í sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n ìyá yìí sọ́kàn, torí òun ni yóò là wá lójú nínú ìbéèrè tó dà bí ẹni pé ó jìnnà sí àtùpà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, WNTV, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Láyé ìgbà náà, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, túùbù ló ń fún àwòrán lágbára láti inú ẹ̀rọ ìtàtagbà dé orí òpó, kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sí pálọ̀. Àwọn ẹnjiníà àgbà a máa pè é ní fáàfù. Túùbù ńlá irú èyí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà ní ẹgbẹ́ títì. Òkè òkun ló ti ń wá, owó rẹ̀ sì lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Bó bá kú lójijì tí òmíràn kò sí nílẹ̀, gbogbo ìlú ni ojú wọn á ṣókùnkùn.

Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ méjì lè ra irú túùbù kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ti èkíní kú láàárín ọdún kan àbọ̀, kí ti èkejì gbé ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló fà á? Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí túùbù ń ṣe, lẹ́yìn náà ká mọ ohun tó ń pa á.

Iṣẹ́ wo ni túùbù ń ṣe?

Àmì àwòrán tó ń ti sítúdíò bọ̀ dà bí ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Kò lágbára tí yóò fi rìn dé àdúgbò kejì. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ìtàtagbà ni láti sọ wúyẹ́wúyẹ́ náà di igbe tí gbogbo ìlú lè gbọ́, túùbù sì ni ọ̀fun tó ń ké igbe náà.

Ẹ fojú inú wo ìgò tàbí agolo kan tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tó jẹ́ pé òfìfo nìkan ló kù níbẹ̀. Ní àárín òfìfo yìí ni wáyà tín-ín-rín wà. A ó máa pè é ní okùn-iná. Bí iná mànàmáná bá gba inú rẹ̀ kọjá, á pọ́n, á sì máa tàn. Nínú gbogbo irin ni àwọn èérún kan wà tí ojú kò lè rí, àwọn ló ń gbé iná mànàmáná kiri. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni orúkọ wọn. Bí irin bá tutù, wọn kì í lè kúrò lára rẹ̀. Bó bá gbóná janjan, wọ́n á máa fò jáde bí ooru ṣe ń gòkè lójú omi tó ń hó.

Níwájú okùn-iná ni irin mìíràn ti dúró dè wọ́n. A ó pè é ní olùgbà. Fóltì tí wọ́n gbé lé e lórí tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó sì ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra bí iná ìta ṣe ń fa kòkòrò lálẹ́ òjò. Láàárín àwọn méjèèjì ni wọ́n ta asẹ́ onírin kan sí. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ gba ojú ihò asẹ́ yìí kọjá, iye tí yóò sì kọjá wà lọ́wọ́ fóltì kékeré tó wà lára asẹ́. Ìka méjì péré lèèyàn fi ń yí ẹnu ẹ̀rọ omi, ṣùgbọ́n omi tó ń tú jáde níbẹ̀ lè kún àgbá. Àmì láti sítúdíò ni ìka tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìṣàn ńlá tó ń lọ sórí òpó ni omi.

John Ambrose Fleming, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ṣe túùbù tó ní okùn-iná àti olùgbà, ní ọdún 1904. Ní 1906, Lee de Forest ní Amẹ́ríkà fi asẹ́ sáàárín wọn. Asẹ́ yìí ló sọ túùbù di ohun tó lè sọ kékeré di ńlá, òun ló sì ṣí ọ̀nà fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Púpọ̀ nínú àwọn túùbù tẹlifíṣọ̀n tó dé lẹ́yìn náà ní asẹ́ méjì, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àtètèkọ́ṣe náà ni.

Nínú gbogbo ẹ̀yà túùbù, olùgbà lè gbé ọ̀pọ̀ ọdún, asẹ́ náà lè gbé ọ̀pọ̀ ọdún. Okùn-iná ló ń jẹ ara rẹ̀ tán. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ká wá ikú túùbù sí.

Òróró inú agolo mọ́ínmọ́ín

Tungsten ni wọ́n fi ń ṣe okùn-iná, irin kan náà tó wà nínú gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná. Kò tètè yọ́. Ṣùgbọ́n tungsten lásán kì í fẹ́ yọ̀ǹda ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó di ìgbà tí a bá mú un gbóná tó nǹkan bí 2,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní irú ìgbóná bẹ́ẹ̀, irin náà fúnra rẹ̀ á máa di ooru lọ, á máa tín-ín-rín bí ọṣẹ tí a ń fi wẹ̀ lójoojúmọ́.

Irving Langmuir, onímọ̀ kẹ́místírì tó ṣiṣẹ́ ní General Electric ní Amẹ́ríkà tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1932, wà lára àwọn tó là wá lójú sí ọ̀nà àbáyọ. Bí wọ́n bá po ìwọ̀nba èròjà kan tó ń jẹ́ thorium mọ́ tungsten, bí ìdá 1 tàbí ìdá 2 nínú 100, ìgbóná á mú kí thorium máa rìn láti inú wáyà bọ́ sí ojú rẹ̀. Yóò wá tẹ́ pẹrẹsẹ síbẹ̀, ní ìpele kan ṣoṣo tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan lọ.

Ẹni tó bá ń se mọ́ínmọ́ín inú agolo mọ ohun tí ìpele tín-ín-rín lè ṣe. Bí kò bá fi òróró pa inú agolo, mọ́ínmọ́ín á lẹ̀ mọ́ ọn, àfi kó fi ọ̀bẹ họ ọ́. Ìwọ̀nba òróró tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ló ń mú kó já bọ́ láìjanpata. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni thorium ń ṣe lójú okùn-iná. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kò lẹ̀ mọ́ irin mọ́, wọ́n á máa já bọ́ wẹ́rẹ́. Nǹkan bí 1,700 lórí òṣùwọ̀n Celsius ti tó dípò 2,200.

Ìṣòro kan ló kù. Thorium tó wà lójú wáyà náà ń fò lọ díẹ̀díẹ̀. Bí tinú kò bá yára jáde wá rọ́pò tòde, ojú wáyà á ṣófo. Àwọn tó ń ṣe túùbù wá dá ọgbọ́n kejì: wọ́n á mú okùn-iná gbóná nínú gáàsì tó ní kábọ́ọ̀nù, ìyẹn ohun tí èédú fi jẹ́ èédú, títí kábọ́ọ̀nù náà yóò fi wọ ara wáyà, tí yóò sì di awọ lé e lórí. A ó pè é ní awọ èédú.

Iṣẹ́ méjì ni awọ èédú ń ṣe. Èkíní, ó ń di thorium mú kó má tètè fò lọ. Èkejì, thorium tó wà nínú wáyà kì í ṣe ògidì. Ó so mọ́ ọ́síjìn, kò sì lè ṣiṣẹ́ bí ọ́síjìn kò bá fi í sílẹ̀. Kábọ́ọ̀nù ló ń gba ọ́síjìn yìí lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò dá thorium sílẹ̀ kó lè rìn lọ sójú wáyà. Ṣùgbọ́n bí kábọ́ọ̀nù bá ti gbé ọ́síjìn lọ, òun náà ti lọ nìyẹn. Kì í padà. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí túùbù fi ń ṣiṣẹ́, awọ èédú á dín díẹ̀.

Ìdáhùn sí apá kìíní ìbéèrè wa nìyí. Kábọ́ọ̀nù ni kẹrosíìnì túùbù. Inú ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni wọ́n ti bu gbogbo èyí tí yóò lò láyé sí i lára, kò sì sí ibi tí a lè gbà dà sí i mọ́. Ọjọ́ tí kábọ́ọ̀nù bá tán, kò sí ohun tí yóò dá thorium sílẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò di èyí tó kù mú. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á ṣọ̀wọ́n. Okùn-iná lè má já, ó lè máa tàn yòò, kí òfìfo inú túùbù sì wà bó ṣe wà, síbẹ̀ túùbù náà ti kú. Ìdí nìyí tí wíwò lásán kò fi lè sọ fún wa bóyá túùbù ṣì wà láyé.

Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún

Bó bá jẹ́ pé kábọ́ọ̀nù ni kẹrosíìnì, kí ni òwú tí a lè yí? Fóltì tí a ń fún okùn-iná ni. Bí fóltì bá gòkè, ìgbóná á gòkè, kábọ́ọ̀nù á sì yára tán.

Ohun tó yani lẹ́nu ni bí kékeré ṣe ń fa ńlá níhìn-ín. Eimac, ilé iṣẹ́ tí William Eitel àti Jack McCullough dá sílẹ̀ ní California ní 1934, ṣe túùbù alágbára fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Nínú ìtọ́ni tó kọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ṣàlàyé pé bí a bá fi ìdá 3 nínú 100 kún fóltì okùn-iná, ìgbóná rẹ̀ á fi nǹkan bí 20 gòkè lórí òṣùwọ̀n Celsius, agbára rẹ̀ láti tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde á fi ìdá 20 nínú 100 pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀mí túùbù á dín kù sí ìdajì. Bí a bá yí i sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á yí padà pẹ̀lú: ìdínkù díẹ̀ nínú fóltì á fi àkókò gígùn kún ẹ̀mí túùbù.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí ìṣirò ọjà. Bí túùbù kan bá ń lo fóltì 10, ìdá 3 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 0.3. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ní fóltì 1.5. Ohun tó lè gé ẹ̀mí túùbù sí méjì kò ju ìdá kan nínú márùn-ún bátìrì tọ́ọ̀ṣì lọ. Ká sọ pé túùbù náà yẹ kó gbé wákàtí 10,000, tí ilé iṣẹ́ sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí 18 lóòjọ́. Nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ ni yóò fi pé. Bí ẹ̀mí rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ọdún mẹ́ta ni. Bó bá di ìdajì, oṣù mẹ́sàn-án péré ni.

Ẹni tó bá ń gbé níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí gílóòbù ń ràn bàìbàì lálẹ́ tó sì ń tàn jù lóru, á ti rí ibi tí ewu wà. Bí iná tó ń wọlé bá fi ìdá 10 nínú 100 lọ sókè, tí kò sì sí ohun tó dá a dúró, fóltì okùn-iná náà á fi ìdá 10 lọ sókè. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ tó gbọ́n ń ṣe ni láti fi stabilizer sí ojú ọ̀nà iná okùn-iná, kí ohun yòówù tó ń ṣẹlẹ̀ níta má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mítà tí wọ́n fi ń wo fóltì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ṣeé gbára lé. Ìdí túùbù gan-an, níbi tó ti jókòó, ló sì yẹ kí wọ́n ti wọn iná náà. Láti ara pátákó iwájú ẹ̀rọ dé ìdí túùbù, iná díẹ̀ máa ń sọnù lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń wá 0.1 kò gbọdọ̀ fi mítà tó ń purọ́ 0.5 wá a.

Wíwá ibi tó tó

Báwo ni ẹnjiníà ṣe ń mọ ibi tó yẹ kó yí òwú dé? Kì í ṣe ọjọ́ tí túùbù dé ló ń bẹ̀rẹ̀. Fún nǹkan bí wákàtí 200 àkọ́kọ́, iye fóltì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe túùbù náà kọ sí i lára gan-an ni yóò fún un, kí okùn-iná lè fara balẹ̀, kí thorium sì tẹ́ dáadáa lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá máa dín fóltì kù ní 0.1, 0.1. Bó bá ti dín in lẹ́ẹ̀kan, á dúró kí okùn-iná gba ìyípadà náà, á wá wo iṣẹ́ túùbù. Bí ohunkóhun kò bá yí padà, á tún dín in. Yóò dé ibì kan tí iṣẹ́ túùbù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Níbẹ̀ ni yóò dúró, á fi 0.1 tàbí 0.2 kún un padà, á sì fi í síbẹ̀. Ìyá tó ni àtùpà á dá ìṣe yìí mọ̀.

Àmì wo ló ń sọ pé túùbù ti ń rẹ̀yìn? Lára tẹlifíṣọ̀n, ìdáhùn ìbéèrè yìí dùn púpọ̀. Ìlà 625 ló ń para pọ̀ di àwòrán kan nínú ètò tí Nàìjíríà ń lò látijọ́, àwòrán 25 sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí tẹlifíṣọ̀n inú ilé lè mọ ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ máa ń fi àmì kékeré kan ṣáájú ìlà kọ̀ọ̀kan, ìgbà 15,625 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ jẹ́ ká pè é ní àmì ìtò. Ó ń ṣe fún àwòrán ohun tí ìyáàlù ń ṣe fún oníjó: òun ló ń sọ ìgbà tí ẹsẹ̀ yóò kanlẹ̀.

Nínú ètò yìí, ibi tó bá dúdú jù nínú àwòrán ni ẹ̀rọ ti ń lo agbára jù. Àmì ìtò sì tún ga ju dúdú lọ. Òun ni téńté orí òkè tí túùbù gbọ́dọ̀ gùn. Mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń gbó lè máa sáré geere lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ọjọ́ tó bá kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni àṣírí rẹ̀ á tú. Bẹ́ẹ̀ náà ni túùbù tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ kò tó mọ́ ṣe ń ṣe. Ó ṣì lè gbé ibi funfun àti ibi eérú inú àwòrán dáadáa, ṣùgbọ́n orí àmì ìtò á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́. Ẹnjiníà á ti rí i lójú ẹ̀rọ ìwòye rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nílé tó mọ̀. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, á máa yípo, torí ìyáàlù ti dákẹ́, oníjó sì ti ṣìnà.

Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ibi tó tó yẹn á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, torí awọ èédú ń dín kù. Ẹnjiníà á tún máa wá a, á máa fi 0.1 kún un bó ṣe yẹ. Ìgbà tó bá di pé fóltì tí wọ́n kọ sára túùbù gan-an kò tó o mọ́, ìyẹn ni pé ó ti ń dágbére. Ìgbà yẹn ló yẹ kí òmíràn ti wà nílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé bó bá ṣe rẹlẹ̀ tó ló ṣe dára tó. Bí okùn-iná bá tutù jù, ìwọ̀nba gáàsì tó ṣẹ́ kù nínú túùbù lè ba ojú rẹ̀ jẹ́, thorium kò sì ní ráyè jáde wá tún un ṣe. Àwọn túùbù kan tún wà tí kì í ṣe thorium ni wọ́n ń lò, bí irú èyí tí wọ́n fi barium pa lójú. Òfin tiwọn yàtọ̀, ohun tí ìwé tó bá wọn wá sọ ni kí a tẹ̀ lé. Ìwọ̀n ni ẹ̀kọ́ yìí, kì í ṣe ahun.

Ooru tó kù nílé

Okùn-iná nìkan kọ́ ló ń gbóná. Ká sọ pé ẹ̀rọ kan gba iná tó tó kílówáàtì 10, tó sì gbé 6 lọ sórí òpó. Mẹ́rin tó kù kò lọ síbì kankan. Ó di ooru lára olùgbà, ó sì tó ooru áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ mẹ́rin tí wọ́n tàn pọ̀ sínú ohun tí kò ju ìkòkò kékeré lọ.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yí olùgbà ká, tí fáànù alágbára sì ń fẹ́ atẹ́gùn gba àárín wọn kọjá. Ibi tí ooru ti lè ṣèpalára jù ni ojú ibi tí irin àti sẹ́rámíìkì ti so pọ̀. Òun ló di òfìfo mọ́ inú túùbù. Lára ọ̀pọ̀ túùbù, ibẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná ju 250 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irin àti sẹ́rámíìkì kì í fẹ̀ bákan náà bí wọ́n bá gbóná. Bó bá ti pọ̀ jù, ojú ìsopọ̀ á là, atẹ́gùn á wọlé, iṣẹ́ á sì parí.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọ̀tá dé nílẹ̀ wa. Erukuru láti aṣálẹ̀ Sàhárà á kún asẹ́ fáànù, á sì dì sáàárín ewé irin. Fáànù á máa yí, ariwo rẹ̀ á máa dún, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń dé ara túùbù kò ní tó mọ́. Fífọ asẹ́ fáànù nígbà gbogbo kò náni ju ọṣẹ àti omi lọ, síbẹ̀ ó lè gba túùbù tó níye lórí là. Níbi tó bá jẹ́ omi ni wọ́n fi ń tu túùbù lára, omi tí wọ́n ti yọ gbogbo èròjà inú rẹ̀ kúrò ni wọ́n ń lò, torí omi kànga á fi ẹfun lẹ̀ mọ́ irin bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù, ẹfun yẹn kò sì ní jẹ́ kí ooru jáde.

Àwọn ìka irin tó di ẹsẹ̀ túùbù mú náà yẹ ní wíwò. Bí wọ́n bá dọ̀tí tàbí tí wọ́n dẹ̀, iná kò ní ráyè kọjá dáadáa, ibẹ̀ á gbóná, á sì jó. Èríà tó wà lórí òpó kò gbẹ́yìn pẹ̀lú. Bó bá ti bàjẹ́, agbára tí túùbù rán lọ á padà wá bá a nílé, á sì di ooru lára rẹ̀.

Títàn àti pípa

Okùn-iná tó tutù kì í fi bẹ́ẹ̀ dá iná dúró. Ìdènà rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ìgbà tó bá gbóná lọ. Bí wọ́n bá ṣàdédé tan iná lé e lórí, ìṣàn ńlá á rọ́ wọ inú rẹ̀, á sì lè wọ́ ọ kúrò ní ipò. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tó dára fi ń gbé fóltì gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni, òótọ́ ló sì jẹ́ lára okùn-iná.

Ètò wà nínú títàn àti pípa rẹ̀. Fáànù ni yóò kọ́kọ́ yí, okùn-iná ni yóò tẹ̀ lé e, ìgbà tó bá gbóná tán ni wọ́n á tó gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì lé olùgbà. Bí wọ́n bá ń pa á, fáànù ni yóò gbẹ̀yìn, á sì máa fẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí iná ti kú, torí ooru inú irin kò tíì jáde tán. Iná tó ṣàdédé lọ, tó mú okùn-iná àti fáànù lọ pọ̀, ń pa túùbù lára gan-an. Ilé iṣẹ́ tó bá ní ọgbọ́n á wá ọ̀nà tí fáànù yóò fi rí iná gbà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn.

Awọ èédú tó ń gbé ẹ̀mí túùbù ró náà ló ń sọ okùn-iná di ẹlẹgẹ́. Nígbà tó bá tutù, ó lè dá bí ẹyin ṣe ń fọ́. Nítorí náà, wọn kì í jù ú, wọn kì í gbọ̀n ọ́n, ìdúró ni wọ́n sì ń gbé e sí nínú páálí tó bá a wá.

Èyí tó wà nípamọ́ kò sì gbọdọ̀ di ohun ìgbàgbé. Gáàsì díẹ̀ máa ń yọ láti ara irin inú túùbù, bó bá sì pẹ́ tó ti jókòó lásán, gáàsì náà á pọ̀ jọ. Láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn, ó yẹ kí wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ kó ṣiṣẹ́, kí gáàsì náà lè padà lẹ̀ mọ́ irin. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ti fi ọdún pa túùbù tuntun mọ́ bí góòlù, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ pé kò wúlò mọ́.

Ìwé wákàtí

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ kò lè ṣeé ṣe láìsí ìwé kan. Nínú rẹ̀ ni ẹnjiníà ń kọ wákàtí tí túùbù ti ṣe, fóltì okùn-iná, ìṣàn tó ń dé ọ̀dọ̀ olùgbà, ìgbóná atẹ́gùn tó ń jáde àti agbára tó ń padà láti orí òpó. Káàdì tí nọ́ọ̀sì fi ń kọ ẹ̀jẹ̀ ríru ni ìwé náà jọ. Iye ọjọ́ kan ṣoṣo kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan fún dókítà. Oṣù mẹ́fà tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní ìwé yìí á mọ oṣù tí túùbù rẹ̀ yóò kú, á sì ti ra òmíràn sílẹ̀ láìkánjú. Níbi tí ẹ̀rọ àwòrán àti ẹ̀rọ ohùn bá ti ń lo irú túùbù kan náà, á tún lè gbé èyí tí kò lè gun òkè àmì ìtò mọ́ lọ sí ẹ̀rọ ohùn, níbi tí iṣẹ́ ti fúyẹ́, kó lè jẹun níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ kan sì wà tó ń ra òkú túùbù, tí wọ́n ń tú u, tí wọ́n ń fi okùn-iná tuntun sí i, tí wọ́n sì tún ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n òde òní ti fi túùbù sílẹ̀, wọ́n ti ń lo transistor. Ṣùgbọ́n okùn-iná onígbòóná kò tíì kúrò láàárín wa. Bí ẹ bá ní máíkírówéèfù nílé ìdáná, túùbù kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbé ooru wọ inú oúnjẹ. Tungsten ni okùn-iná rẹ̀, thorium wà nínú rẹ̀, awọ èédú sì wà lára rẹ̀. Ẹ má ṣe tú ibẹ̀ wò o, torí fóltì inú rẹ̀ lè pani, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ láti gbé ọbẹ̀ àná kaná, tí ẹ sì gbọ́ fáànù rẹ̀ tó ń fẹ́, ẹ ti mọ ohun tó ń tu lára, àti ìwọ̀nba èédú tó ń dín kù nínú rẹ̀ bí oúnjẹ ti ń gbóná.